Ẹ Bi Àǹtí Wẹ́fíà: Ìbàdàn ni àbí Amẹ́ríkà, ibo ni màá sì ti ṣe fíìdì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ mà, Àǹtí wa. Kinnira ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń gbé, ọmọ ọdún 31 ni mí, mo ti lọ́kọ, ọmọ wa kan ti pé ọdún mẹ́rin. Sosiọ́lọ́jì ni mo kà ní yunifásítì àmọ́ iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe látìgbà tí mo ti sìnrú ìlú tán. Sóṣíà wọ́ọ̀kì, ìyẹn iṣẹ́ ríran àwọn tó wà nínú ìṣòro lọ́wọ́, ló wù mí tipẹ́, torí àwọn nǹkan tí mò ń rí lára àwọn ọmọ kíláàsì mi, ọmọ á wá síléèwé tòun ti egbò lẹ́yìn, èmi ò sì ní mọ ẹni tí mo fẹ́ sọ fún. Lọ́dún yìí Ọlọ́run ṣe é, mo rí àdìmíṣàn másítáàsì méjì gbà, ọ̀kan ní Yunifásítì Ìbàdàn, èkejì ní iléèwé kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ní àwọn máa yọ ìdajì owó kúrò fún mi. Ọkọ mi ní Amẹ́ríkà ni kí n lọ. Màmá mi tó ń ta ẹ̀lùbọ́ ní Ọjà Jagun ní òun máa kó owó àjọ òun fún mi, òun á tún ta ilẹ̀ kan lé e. Mi ò fẹ́ kí wọ́n ta ilẹ̀ yẹn mà. Ìkejì ni ọ̀rọ̀ fíìdì, ìyẹn iṣẹ́ tí wọ́n máa ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ ṣe lọ́fíìsì gidi kó tó gboyè. Tó bá jẹ́ Ìbàdàn ni, ṣé ọsibítù ni kí n ti ṣe é àbí ọ́fíìsì wẹ́fíà ní káńsù? Ẹ̀gbọ́n mi kan ní orúkọ ọsibítù ló máa ń tà lórí síìfíì, ìwé tí èèyàn fi ń wáṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi dá sí i. — Tíṣà Kinnira

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, kú oríire o. Àdìmíṣàn méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí Olúwa jẹ́ kó yọrí sáyọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà rẹ, ibi tó wọ̀ mí lákínyẹmí ara níbẹ̀ sì ni ibi tí o ti dárúkọ ọmọ tó wá síléèwé tòun ti egbò lẹ́yìn. Màá padà sórí ọmọ yẹn láìpẹ́.

Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, mo sì ti gba akẹ́kọ̀ọ́ tó pọ̀ sọ́dọ̀ fún fíìdì. Àwọn kan ti iléèwé tí orúkọ ẹ̀ ń dún káàkiri wá, síbẹ̀ wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó ti ẹni tó ń sunkún. Àwọn mìíì wá láti ibi tẹ́nì kankan ò gbọ́ rí, tí wọ́n bá bá aláìsàn sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú péré, o máa rí i pé ojú ẹni yẹn ti là. Tí mo bá tọpa ẹ̀ báyìí, ẹni tó tọ́ wọn sọ́nà ní fíìdì ni mo máa ń bá nídìí ẹ̀. Ẹni tó ń jókòó tì ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó ń yẹ ohun tí o ṣe wò, tó ń bi ọ́ pé kí ló dé tí o fi sọ báyìí tí o ò sọ tọ̀hún, òun ló máa sọ ọ́ di sóṣíà wọ́kà. Torí náà fíìdì ni kí o kọ́kọ́ bèèrè, kí o tó bèèrè orúkọ iléèwé.

Jẹ́ kí n sọ tèmi fún ọ. Nígbà tí mò ń ṣe másítáàsì, ọsibítù ńlá kan ni wọ́n rán mi lọ. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ wọ́n ní kí n lọ bá obìnrin kan ní wọ́ọ̀dù àwọn abiyamọ, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí ẹ̀, dókítà ti ní kó máa lọlé láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn àmọ́ kò rówó san, ló bá ṣì wà níbẹ̀. Fọ́ọ̀mù wà lọ́wọ́ mi, orúkọ, ọjọ́ orí, iṣẹ́ ọkọ, èló ló ń wọlé lóṣù. Mo kọ gbogbo ẹ̀, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọkọ ti sá lọ, torí ohun táwọn nọ́ọ̀sì sọ fún mi nìyẹn, òun náà ló sì wà nínú fáìlì. Mo gbé e lọ fún súpáfáísọ̀ mi, màmá kan tí kì í gbóhùn sókè. Màmá ò tiẹ̀ wo fọ́ọ̀mù yẹn. Ó ní, "Kí ló wà nínú ọ̀rá tó so mọ́ bẹ́ẹ̀dì?" Èmi ò rí ọ̀rá kankan. Ó ní kí n padà lọ, kí n má mú bírò dání.

Mo padà, mo jókòó tì í. Ọ̀rá dúdú kan wà níbẹ̀ lóòótọ́. Aṣọ ọmọ mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀, ó ti fọ̀ wọ́n, ó ká wọn pẹlẹbẹ, fìlà kékeré kan wà lókè wọn. Mo ní, "Ìyá ìkókó, aṣọ yìí mà dáa o, ọjọ́ wo lẹ máa wọ̀ ọ́ fún un?" Ló bá bú sẹ́kún. Ó ní ọjọ́ tí bàbá ẹ̀ bá dé ni. Ọ̀rọ̀ wá ń jáde díẹ̀díẹ̀, ọkọ ò sá rárá, àìsàn ló dá a dùbúlẹ̀ sábúlé, fóònù ẹ̀ ti kú, ìyàwó ò sì fẹ́ sọ torí ẹ̀rù ń bà á pé tí wọ́n bá lè gbọ́ pé ọkọ náà ò lè ṣiṣẹ́ mọ́, wọn ò ní jẹ́ kóun kúrò níbẹ̀ láéláé. Lọ́jọ́ kẹta a dé abúlé yẹn, a rí àbúrò ọkọ, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yanjú. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni súpáfáísọ̀ mi yẹn máa ń fi bírò pupa ka ìwé tí mo bá kọ, ibikíbi tí mo bá ti ki èrò ara mi bọ̀ ọ́, á kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé, "Ta ló sọ èyí?" Mi ò rántí ìbéèrè ìdánwò kan tí wọ́n bi wá lọ́dún yẹn mọ́, àmọ́ bírò pupa yẹn ṣì wà lójú mi.

Ohun tó yẹ kí o lọ wá nìyẹn. Kí o tó san kọ́bọ̀ kan, wọ mọ́tò lọ sí Ìbàdàn, bíi kìlómítà 100 ni sí Ògbómọ̀ṣọ́, wàá lọ wàá bọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Má bá ọ̀gá dìpátímẹ́ǹtì nìkan sọ̀rọ̀, wá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń parí lọ, ra mínírà fún wọn, kí o jẹ́ kí wọ́n rojọ́. Bi wọ́n pé ta ló ń wá ibi fíìdì, ṣé iléèwé ni àbí akẹ́kọ̀ọ́ ló ń fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wá a kiri. Bi wọ́n bóyá ọjọ́ díẹ̀ lọ́sẹ̀ ni wọ́n máa ń lọ tí wọ́n á tún máa wọ kíláàsì, àbí wọ́n máa ń kó oṣù mélòó kan jọ fún un, torí ẹni tó ní ọmọ ọdún mẹ́rin nílé, ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn. Àwọn olùkọ́ náà, ṣé wọ́n máa ń wá wo èèyàn níbi iṣẹ́ lóòótọ́, àbí orí fóònù ni wọ́n ti ń béèrè pé ṣé dáadáa ni? Ọ̀kan tún wà tí wọ́n máa ń gbàgbé: bi wọ́n bóyá másítáàsì náà lè gbé ọ dé PhD àbí ti iṣẹ́ lásán ni, wọ́n ń pe ìyẹn ní púròféṣọ́nà. Mo ti rí ẹni tó parí tán kó tó mọ̀, ó dùn ún gan-an. Tọ́rọ̀ tí o gbọ́ ní Ìbàdàn ò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, dìpátímẹ́ǹtì sóṣíà wọ́ọ̀kì wà ní Yunifásítì Èkó, ó wà ní ti Benin, ó wà ní Nsukka, àmọ́ wọ́n jìnnà sọ́mọ rẹ.

Ó wá kan Amẹ́ríkà. Mi ò ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ yìí dúró dáadáa lọ́hùn-ún. Àjọ kan wà tí wọ́n ń pè ní CSWE, látọdún 1952 ló ti wà, òun ló ń fọwọ́ sí i pé iléèwé kan kún ojú òṣùwọ̀n fún sóṣíà wọ́ọ̀kì. Lọ wo orúkọ iléèwé tó gbà ọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn, tí kò bá sí níbẹ̀, jẹ́ kó lọ, torí láísẹ́ńsì máa di ìṣòro fún ọ lẹ́yìn ọ̀la. Tó bá wà níbẹ̀, jókòó ṣírò. CSWE ní ẹni tó ń ṣe másítáàsì gbọ́dọ̀ ṣe fíìdì tó wákàtí 900 ó kéré tán. Tí o bá ń lọ ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, 16 nìyẹn lọ́sẹ̀, ó máa lé díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 56 kó tó pé. Ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ni kì í sì í san nǹkan kan. Ẹni tó bá sì lo físà akẹ́kọ̀ọ́ F-1, wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni wọ́n gbà fún un láti ṣiṣẹ́ owó nínú ọgbà iléèwé nígbà tí kíláàsì bá ń lọ, fíìdì fúnra ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ní àṣẹ tí wọ́n ń pè ní CPT lórí ìwé I-20 tí iléèwé fún ọ kí o tó fẹsẹ̀ kan ibẹ̀. Àwọn tó ti kọ́kọ́ gba dìgírì nínú sóṣíà wọ́ọ̀kì ni wọ́n máa ń dín ọdún kù fún. Ìwọ ka sosiọ́lọ́jì, ọdún méjì gbáko lo máa lò.

Ọdún méjì, ìdajì owó iléèwé, owó ilé, oúnjẹ, ẹ̀wù òtútù, owó ìlera, níbo ló ti máa wá? Inú kóńgò ẹ̀lùbọ́ màmá rẹ ni. Mo mọ Ọjà Jagun, mo mọ bí wọ́n ṣe ń wọn ẹ̀lùbọ́ níbẹ̀ ní kóńgò kọ̀ọ̀kan lábẹ́ oòrùn, iye kóńgò tí èèyàn máa tà kó tó san ìdajì owó iléèwé Amẹ́ríkà, mi ò fẹ́ ronú ẹ̀. Èrò tèmi ni pé kí ilẹ̀ màmá dúró. Kọ̀wé sí iléèwé yẹn pé kí wọ́n bá ọ fi ààyè rẹ pamọ́ di ọdún tó ń bọ̀, kí o sì bi wọ́n bóyá iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ wà ní dìpátímẹ́ǹtì tó lè gbé owó tó kù. Tí wọ́n bá ní ó wà, kọ lẹ́tà sí mi padà, ọ̀rọ̀ ti yí nìyẹn. Tí wọ́n bá ní kò sí, Ìbàdàn ni kí o lọ. Ọkọ rẹ fẹ́ ire fún ọ, má bá a jà, ẹ jọ kọ iye owó náà sórí ìwé kan kó fojú ara ẹ̀ rí i.

Ó ku ọsibítù àti káńsù. Ní ọsibítù o máa bá ẹni tí kò rówó san pàdé, ẹni tí wọ́n gbé wá tí ará ilé ò yọjú mọ́, ìkókó tí ìyá ẹ̀ ti sá fi sílẹ̀, ẹni tó mu nǹkan tí kò yẹ kó mu. Dókítà ń dúró dè ọ́, nọ́ọ̀sì ń dúró dè ọ́, ọwọ́ rẹ máa yá ni dandan. Àmọ́ tí wọ́n bá ti ní kí aláìsàn máa lọlé, ó tán, lọ́pọ̀ ìgbà o ò ní gbọ́ bó ṣe já sí. Ní ọ́fíìsì wẹ́fíà, nǹkan ń fà nílẹ̀ pẹ́. Tọkọtaya tó ń fa ọmọ mọ́ra wọn lọ́wọ́, bàbá tó kọ̀ tí kò fún ọmọ lówó oúnjẹ, ọmọ tó sọnù, ọmọ tí wọ́n lù bolẹ̀, àwọn tó fẹ́ gba ọmọ tọ́. Wàá lọ sílé àwọn èèyàn, wàá dé kóòtù, wàá ka òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2003, wàá rí i bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lójú ayé àti ibi tí kì í ti í ṣiṣẹ́. Má retí ọkọ̀ ìjọba o, ẹsẹ̀ rẹ àti ọ̀kadà ni, nígbà mìíì o máa fowó ara rẹ ra ìwé tí wàá fi kọ nǹkan.

Àbúrò mi, o ní o ò mọ ẹni tí o máa sọ fún nípa ọmọ elégbò yẹn. Ọ́fíìsì wẹ́fíà ni. Kódà má dúró de másítáàsì. Sẹkitéríàtì káńsù Àríwá Ògbómọ̀ṣọ́ wà ní Kinnira tí o ń gbé níbẹ̀ yẹn, tọ́mọ náà bá ṣì wà ní kíláàsì rẹ, sọ fún hẹdimísíréèsì rẹ lọ́la, kí ẹ jọ débẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Jọ̀ọ́.

Torí ọmọ yẹn náà ni mo fi máa ní káńsù ni kí o kọ́kọ́ lọ, tó bá jẹ́ pé ẹni tó kọ́ṣẹ́ sóṣíà wọ́ọ̀kì wà níbẹ̀ tó máa tọ́ ọ. Tí kò bá sí, má lọ, gba ọsibítù, ẹni ni kí o tẹ̀ lé. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń ṣe é, kí ọsibítù jẹ́ ìkejì. Ọsibítù tí wọ́n ti ń kọ́ dókítà méjì ló wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ yín, ti LAUTECH àti ti Bowen tó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọsibítù àwọn Onítẹ̀bọmi lọ́dún 1907, bi iléèwé bóyá wọ́n gbà kí èèyàn ṣe fíìdì nílùú ẹ̀, kọ́mọ rẹ lè máa sùn lọ́dọ̀ rẹ lálẹ́. Ọ̀rọ̀ síìfíì tí ẹ̀gbọ́n rẹ sọ, èmi náà ti jókòó níbi tí wọ́n ti ń gba èèyàn síṣẹ́, ohun tí a máa ń bi wọ́n ni pé, "Sọ kéèsì kan tí o ṣe fún wa." Ibẹ̀ lẹnu ọ̀pọ̀ wọn ti ń wọlẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí màá kìlọ̀ fún ọ ni pé kí o má ṣe é níbi tí ẹbí ọkọ rẹ ti jẹ́ ọ̀gá, ojú á máa tì ọ́ láti kọ òótọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀yọ́ Aláàfin ni mo wà. Ọmọ mi obìnrin ní sóṣíà wọ́ọ̀kì lòun fẹ́ fi ṣe másítáàsì, àgírísí, ìyẹn ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, ló sì kọ́kọ́ kà. Ṣé kì í ṣe ká máa pín ìrẹsì fáwọn aláìní ni? Ṣé iṣẹ́ wà níbẹ̀? — Bàbá Ọ̀yọ́

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìnáwó ọmọ, Bàbá. Pínpín ìrẹsì kọ́ sà, ẹ ka èyí tí mo kọ sókè yẹn. Iṣẹ́ wà lọ́sibítù, ní mínísírì, ní káńsù, lọ́dọ̀ àwọn NGO, lọ́gbà ẹ̀wọ̀n náà. Owó ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ò pọ̀, mi ò ní parọ́ fún yín. Àmọ́ ìparí ọdún 2022 ni Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin tó dá ìgbìmọ̀ ìjọba sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí, torí náà ẹni tó bá ní ìwé ẹ̀ ló máa lè dúró. Níwọ̀n bó ti jẹ́ àgírísí ló kà, kó béèrè bóyá PGD, ìyẹn dípúlómà lẹ́yìn dìgírì àkọ́kọ́, ni wọ́n máa ní kó kọ́kọ́ ṣe. Ẹ má dí i lọ́nà, ẹ kàn ní kó lọ bá wọn ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fọ́sẹ̀ méjì lọ́fíìsì wẹ́fíà kan ná, kóun fúnra ẹ̀ wò ó bóyá ó lè gbé e.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ gbà mí. Mo ń ṣe fíìdì lọ́fíìsì kan nílùú Ọ̀yọ́, ọ̀sẹ̀ kẹrin rèé, fọ́tòkópì ni mò ń ṣe, mo tún ń lọ ra àmàlà fún wọn. Súpáfáísọ̀ mi, àkáńtì ló kà. Tí mo bá ráhùn, á ní kí n fọkàn balẹ̀, òun máa bá mi sáìnì gbogbo wákàtí inú lógbúùkù, ìwé tí mo máa ń kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ sí. Ṣé kí n gbà bẹ́ẹ̀? — Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀yọ́

ÌDÁHÙN: Má gbà. Mo mọ̀ pé ó rọrùn, mo sì mọ̀ pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ kan ń ṣe é, àmọ́ wákàtí tí wọ́n fi irọ́ sáìnì, lọ́jọ́ kan wọ́n máa gbé ọmọ tí wọ́n fipá bá lò síwájú rẹ, wọ́n á ní kí o bá a sọ̀rọ̀, o ò sì ní mọ ibi tí o ti máa bẹ̀rẹ̀. Ọmọ yẹn ló máa jìyà lógbúùkù yẹn.

Kọ́kọ́ lọ bá ọ̀gá yẹn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí o bẹ̀ ẹ́ pé kó fún ọ ní kéèsì kan ṣoṣo tí wàá máa tẹ̀ lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àwọn mìíì ò mọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ wá ṣe ni, tí o bá ṣàlàyé, wọ́n á gbà. Fún un lọ́sẹ̀ kan. Tí nǹkan ò bá yí padà, kọ lẹ́tà sí ẹni tó ń bójú tó fíìdì níléèwé rẹ, kọ ọ́ sórí ìwé, WhatsApp ò tó, kọ ohun tí o ṣe lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin náà síbẹ̀ láìbú ẹnì kankan. Má kàn sá kúrò o, ìwọ ni wọ́n máa dá lẹ́bi. Bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá sóṣíà wọ́kà kan níta tí á máa bá ọ jókòó lọ́sẹ̀, iléèwé tó bá mọ iṣẹ́ ẹ̀ á ṣe é. Tó bá jẹ́ pé wọ́n máa gbé ọ kúrò níbẹ̀, bi wọ́n nípa ọgbà ẹ̀wọ̀n Abólóńgò tó wà ní Ọ̀yọ́ yín níbẹ̀. Òfin ọdún 2019 tó yí orúkọ ọgbà ẹ̀wọ̀n padà ti jẹ́ kó ṣeé ṣe kí wọ́n fi ẹlẹ́ṣẹ̀ sábẹ́ àmójútó láàárín ìlú dípò kí wọ́n tì í mọ́lé, iṣẹ́ sóṣíà wọ́ọ̀kì gidi wà nínú ìyẹn, àwọn ẹbí tó ń wá wo èèyàn wọn níbẹ̀ náà sì nílò ẹni tó máa gbọ́ tẹnu wọn.

Lógbúùkù yẹn ńkọ́, mú un jáde lálẹ́ òní. Ọjọ́ tí o ṣe fọ́tòkópì, kọ ọ́ síbẹ̀ pé fọ́tòkópì ni. Ọjọ́ tí o lọ ra àmàlà, kọ àmàlà. Kí o wá gbé e fún un kó sáìnì.